A Wà Létí Omi, A Ń Fi Itọ́ Bọ́jú

Bí ẹnikẹ́ni bá jí ní kùtùkùtù òwúrọ̀ Sátidé, tí ó lọ dúró sí ẹ̀gbẹ́ afárá Ajah kí ilẹ̀ tó mọ́, kò ní pẹ́ kó tó rí wọn. Àwọn ọ̀dọ́ ni, lọ́kùnrin lóbìnrin, ogún tàbí ọgbọ̀n. Wọ́n wọ ẹ̀wù kan náà bí ẹni dá aṣọ ẹbí, wọ́n wọ bàtà kánfáàsì, wọ́n gbé báàgì kọ́ ẹ̀yìn, wọ́n ń retí bọ́ọ̀sì tí wọ́n dáwó jọ háyà. Bí ẹ bá bi wọ́n pé ibo ni wọ́n forí lé, wọn óò ní àwọn ń lọ rìn ni. Ẹ óò ní, "Ẹ ń lọ rìn, ẹ sì ń dúró de mọ́tò?" Wọn óò rẹ́rìn-ín. Wọn óò ní Erin-Ìjẹ̀ṣà ni àwọn ń lọ, àwọn fẹ́ gun òkè, àwọn fẹ́ wẹ̀ lábẹ́ omi tó ń já bọ́ látorí àpáta, kí àwọn tó padà sí Èkó lálẹ́ ọjọ́ kan náà.

N kò bá wọn jà o. Rírìn dára. Ẹni tó fi ọjọ́ márùn-ún gbáko jókòó nínú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ ọkọ̀ láti Ajah dé Ọbáléndé, ó yẹ kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ na ẹsẹ̀ rẹ̀ ní ọjọ́ kẹfà. Àwọn bàbá wa ń fi ẹsẹ̀ rìn láti ilé dé oko lójoojúmọ́, kò sì sí ẹni tó pè é ní eré ìdárayá. Ibi tí àwọn ọ̀dọ́ wọ̀nyí ń lọ náà tóó lọ. Omi Olúmirìn ní Erin-Ìjẹ̀ṣà ní ìpele méje, èyí tó bá ní èémí ló ń dé òkè pátápátá. Àtẹ̀gùn òkè Ìdànrè lé ní 600, kì í ṣe ohun tí èèyàn ń fi ẹnu gùn. Ní Ikogosi, omi gbígbóná àti omi tútù pàdé, kálukú sì ń jẹ́ tirẹ̀. Ọmọ Yorùbá tó bá rí nǹkan wọ̀nyí, ojú rẹ̀ yóò là sí ilẹ̀ tí Ọlọ́run fi jíǹkí wa.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan ń yún mi lẹ́nu, n kò sì lè pa á mọ́ra mọ́. Ṣebí Ajah yìí náà ni ọ̀sà Èkó wà ní àríwá rẹ̀, tí òkun ńlá wà ní gúúsù rẹ̀, tí odò Ikota sì ń wọ́ kọjá lápá ìwọ̀-oòrùn rẹ̀? Kí ló wá dé tí ọmọ tó sùn láàrin omi méjì fi ní láti jí ní aago mẹ́rin òru, kó wọ bọ́ọ̀sì, kó la Ìbàdàn kọjá, kó tó rí omi tí yóò ki ẹsẹ̀ bọ̀? Àwọn àgbà ní ẹni tó wà létí odò kì í fi itọ́ bọ́jú. Àwa wà létí odò, à ń fi itọ́ bọ́jú, a sì ti sọ ọ́ di fàájì òpin ọ̀sẹ̀.

Ìdáhùn mi rèé, bí ó bá sì bí ẹnikẹ́ni nínú, kó bínú tó bó ṣe fẹ́: wọ́n ti di ọ̀nà omi mọ́ wa. Kì í ṣe pé omi tán. Ọ̀nà ló di. Àfi kí wọ́n ṣí i.

BÍ Ọ̀NÀ ṢE DI

Kí títì tó dé, iṣẹ́ ẹja àti iṣẹ́ àgbọn ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń ṣe ní gbogbo ilẹ̀ tó lọ láti Maroko títí dé ìhà Ẹ̀pẹ́. Ọ̀nà ẹsẹ̀ ló wà láti abúlé dé etí omi, kò sì sí ẹni tó ń bi ẹnìkejì pé ta ló ni ọ̀nà. Ọ̀nà apẹja ni. Ọ̀nà alágbọn ni. Ọ̀nà ọmọ tí ìyá rẹ̀ rán lọ ra ẹja ni, tó sì bọ́ ẹ̀wù sílẹ̀ kó kọ́kọ́ wẹ̀ ná kó tó jẹ́ iṣẹ́ tí wọ́n rán an.

Nígbà ìjọba Alhaji Lateef Jakande, láàrin ọdún 1979 sí 1983, ni títì Lekki sí Ẹ̀pẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í ya wọ agbègbè náà. Títì dára. Ṣùgbọ́n títì kì í dá rìn. Ibi tí títì bá gbà, olówó ilẹ̀ ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Ní oṣù keje ọdún 1990, ìjọba ológun Èkó lábẹ́ Raji Rasaki kó katakata wọ Maroko, wọ́n wó o palẹ̀, nǹkan bí 300,000 èèyàn sì di aláìnílé. Ilé olówó ló wà níbẹ̀ lónìí. Àwọn kan nínú àwọn tí wọ́n lé dà gìrìgìrì sápá Ajah, wọ́n rò pé àwọn ti sá fún ìjà. Kò pẹ́ tí ògiri fi wá bá wọn níbẹ̀ náà.

Ògiri kò wá lọ́jọ́ kan. Ẹ́síteètì kan á kọ́kọ́ dé, á mọ odi, á gbé géètì kọ́. Òmíràn á dé sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, òun náà á mọ odi tirẹ̀. Ẹ̀rọ tó ń fa yanrìn á wọnú ọ̀sà, á pọ yanrìn sórí àbàtà, ibi tí ó jẹ́ omi lánàá á di pílọ́ọ̀tì lónìí. Nígbà tí odi bá ti kan odi, tí géètì ti kọjú sí géètì, ọ̀nà ẹsẹ̀ àtijọ́ á kú sáàrin wọn, ẹnikẹ́ni kò sì ní ṣòkú rẹ̀. Ẹ wo Ajah nínú àwòrán ilẹ̀, ẹ óò rí omi yí i ká. Ẹ bọ́ sílẹ̀ kí ẹ rìn ín, ògiri lẹ óò rí.

Etí òkun ńkọ́? Níbi tí ọ̀nà bá ti dára, owó ni ẹnu ọ̀nà. Owó ìwọlé wà, owó àga wà, owó ibòji wà, owó ibi tí ọkọ̀ máa dúró sí wà. Bàbá ọlọ́mọ mẹ́rin tó bá ṣírò rẹ̀, á ní kí àwọn ọmọ máa wo òkun nínú tẹlifíṣọ̀n. Ní ọdún 2024, ìjọba àpapọ̀ tún bẹ̀rẹ̀ títì etí òkun láti Èkó dé Calabar, 700 kìlómítà. Iṣẹ́ náà mú apá kan Landmark Beach lọ, àwọn ará Okun-Ajah náà sì fẹ̀hónú hàn lórí ibi tí títì máa gbà láàrin wọn. Ariwo pọ̀ lórí owó ilé, ariwo pọ̀ lórí owó ọjà tó bàjẹ́, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ló bèèrè ibi tí ẹlẹ́sẹ̀ yóò ti máa sọdá títì kọnkéré yẹn dé omi?

Ẹnìkan lè sọ pé ṣebí ibi ìrìn wà ní Lekki, ibi ìpamọ́ ẹranko àti igbó tí ẹgbẹ́ Nigerian Conservation Foundation dá sílẹ̀ ní ọdún 1990. Mo mọ̀ ọ́n, mo sì ń kí wọn. Hẹ́kítà 78 ni wọ́n dá dúró lọ́wọ́ àwọn apọyanrìn. Ọ̀bọ ṣì ń fò níbẹ̀, afárá orí igi tí wọ́n ṣí ní ọdún 2015 gùn tó mítà 401. Bí kì í bá ṣe tiwọn, ilé alájà mẹ́rin ló máa wà níbẹ̀ báyìí. Ṣùgbọ́n ibi tí èèyàn ń sanwó wọ̀ lẹ́ẹ̀kan lọ́dún kò lè dípò ọ̀nà tí ọmọdé ń gbà lójoojúmọ́. Ọgbà kan ṣoṣo kò lè jẹ́ àwáwí fún gbogbo ògiri yòókù.

ODÒ KÒ NÍ NỌ́ŃBÀ FÓÒNÙ

Ní Sátidé kan, àwa aládùúgbò mẹ́sàn-án pinnu pé a kò ní wọ mọ́tò lọ síbì kankan. Ẹsẹ̀ la óò fi rìn láti ilé dé ọ̀sà, a óò wẹ̀ níbi tí kò jìn, a óò jẹ búrẹ́dì àti ẹ̀pà, a óò padà. Màmá àgbà kan wà láàrin wa tí wọ́n bí sí apá ibẹ̀. Ó ní bí a bá fi aṣọ di òun lójú, òun yóò mú wa débẹ̀. Lóòótọ́ ni. Ọ̀nà tí màmá tọ́ka sí gbé wa tààrà, àfi ẹnu géètì gàgàrà kan. Mégàádì jáde, ọmọ kékeré ni, ó sì kí wa dáadáa.

"Ẹ káàárọ̀, mà. Ẹ káàárọ̀, sà. Ta lẹ wá rí?"

"A ò wá rí ẹnìkan, ọmọ mi," màmá dá a lóhùn. "Odò la wá rí."

"Ẹ pe ẹni tẹ́ ẹ wá rí lórí fóònù, mà, kí wọ́n fi nọ́ńbà ránṣẹ́ kí n lè ṣílẹ̀kùn."

"Mo ní odò ni."

Ọmọ náà họ orí. "Màmá, odò ò ní nọ́ńbà fóònù."

A rẹ́rìn-ín, òun náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n a kò wọlé. Kì í ṣe ẹjọ́ rẹ̀, iṣẹ́ tí wọ́n rán an ló ń jẹ́. Nígbà tí a fẹ́ yí padà, mo bi í bóyá òun máa ń lọ wẹ̀ níbẹ̀ bí iṣẹ́ bá parí. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ọdún kejì mi rèé lẹ́nu géètì yìí. Mi ò tíì fojú kan omi náà rí. Atẹ́gùn ẹ̀ nìkan ló ń fẹ́ sí mi lára lálẹ́."

Ẹ gbọ́ ọ. Ẹni tó ń ṣọ́ omi kò rí omi. A gba ọ̀nà kejì, ògiri ló parí rẹ̀. A gba ọ̀nà kẹta, òkìtì yanrìn àti pátákó "Má wọlé" la bá. Nígbà tí oòrùn kan àtàrí, a jẹ búrẹ́dì wa lẹ́bàá títì láàrin èéfín ọkọ̀, a padà sílé, ẹsẹ̀ gbogbo wa gbẹ. Màmá kò sọ̀rọ̀ lójú ọ̀nà. Nígbà tí a dé ilé ló tó ní, "Àṣé mo ti di àlejò níbi tí wọ́n bí mi sí."

TA LÓ NI OMI?

Òfin Ilẹ̀ tí ìjọba ológun gbé jáde ní oṣù kẹta ọdún 1978 ṣì wà títí dòní. Ohun tó sọ ni pé ọwọ́ gómìnà ni ilẹ̀ ìpínlẹ̀ wà, kí ó máa ṣe alágbàtọ́ rẹ̀ fún ìlò àti àǹfààní gbogbo ọmọ Nàìjíríà. Gbogbo ni mo ní. Kò sọ pé fún àǹfààní ẹni tó ní géètì. Ẹni tí wọ́n gbé ọmọ fún kó bá wọn tọ́, tó wá lọ ta ọmọ náà, kí là ń pe irú wọn nílẹ̀ Yorùbá? Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n, n kò ní dárúkọ rẹ̀.

N kò sọ pé kí ẹnikẹ́ni gba ilé onílé. Ẹni tó ra ilẹ̀ ti ra ilẹ̀, kó máa gbé inú rẹ̀ ní àlàáfíà. Ṣùgbọ́n ta ló ta ọ̀sà fún un? Ta ló kọ rìsíìtì òkun? Ìjọba àpapọ̀ àti ìjọba Èkó ti ń bára wọn du etí omi láti ọjọ́ pípẹ́, wọ́n ti gbé ara wọn dé ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ. Nínú gbogbo àwíjàre wọn, n kò tíì gbọ́ kí ẹnìkan dárúkọ ẹlẹ́sẹ̀. Orí iye tí wọ́n máa rí gbà ni wọ́n ń jà lé.

Bẹ́ẹ̀, ta ni kò ní í ṣe pẹ̀lú omi nínú wa? Apẹja ń lọ síbẹ̀ láti wá oúnjẹ òòjọ́. Aládùúrà aláṣọ funfun ń lọ síbẹ̀ láti gbàdúrà. Ẹlẹ́sìn Olókun ń lọ síbẹ̀ láti bọ ohun tí bàbá rẹ̀ bọ. Mùsùlùmí ń kó ẹbí rẹ̀ lọ síbẹ̀ ní ọjọ́ Iléyá, Kìrìsìtẹ́nì ń kó tirẹ̀ lọ ní ọjọ́ Àjíǹde. Ẹ sọ ibòmíràn fún mi ní Èkó tí gbogbo wa ti ń pàdé láìjà. Ibẹ̀ gan-an ni wọ́n ń tì pa.

ÀWÍJÀRE WỌN

Àwọn tó di ọ̀nà ní ẹjọ́ tí wọ́n ń rò, ẹ jẹ́ kí a gbọ́ tẹnu wọn.

Wọ́n ní bí àwọn bá ṣí ọ̀nà, olè á wọlé. Ọ̀rọ̀ ààbò kì í ṣe ọ̀rọ̀ yẹpẹrẹ ní Èkó, n kò ní fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Ṣùgbọ́n ọ̀nà tóóró kan láàrin ògiri méjì, tí wọ́n ń ṣí ní òwúrọ̀, tí wọ́n ń tì ní ìrọ̀lẹ́, tí iná wà níbẹ̀, tí ẹ̀ṣọ́ dúró lẹ́nu rẹ̀, ilé ta ni olè máa gbà wọ̀ níbẹ̀? Ọ̀nà odò kọ́ ni yàrá ẹnikẹ́ni. Ibi tí èèyàn ti ń rìn lọ rìn bọ̀, olè kì í fẹ́ràn rẹ̀. Ibi tó dá páropáro ló ń wá.

Wọ́n ní a ó da ìdọ̀tí síbẹ̀. Ẹjọ́ wa nìyí lóòótọ́, nítorí ọwọ́ wa kò mọ́. Ọ̀rá omi àti ike tí à ń jù káàkiri kò yẹ ọmọlúàbí. Kí wọ́n gbé garawa ìdọ̀tí síbẹ̀, kí wọ́n bu owó ìtanràn lé ẹni tó bá tàpá sí i. Ṣùgbọ́n ṣé nítorí pé ọmọ ń ta oúnjẹ sílẹ̀ ni a ṣe ń lé e kúrò nídìí àwo?

Ẹ̀kẹta ló wúwo jù. Wọ́n ní omi ń pa èèyàn. Òdodo ọ̀rọ̀ ni. Òkun tiwa kì í ṣe òkun eré. Ilẹ̀ rẹ̀ máa ń já lójijì, ìṣísẹ̀ díẹ̀ lèèyàn ń gbé tí omi á fi mu ún dé ọrùn, omi tó ń padà sínú òkun á sì máa fà á lọ. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2012, òkun ya wọ Kuramo, ó sì gbé èèyàn lọ. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní nǹkan bí 300,000 èèyàn ló kú sómi káàkiri ayé ní ọdún 2021. Ó lé ní mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá wọn tó jẹ́ ará ilẹ̀ tí kò lówó bíi tiwa, ó sì sún mọ́ ìdá kan nínú mẹ́rin tó jẹ́ ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún. Ẹni tó bá fi irú ọ̀rọ̀ yìí ṣeré, kò ní àánú lójú.

Ṣùgbọ́n ìgbà wo ni ògiri kọ́ ọmọ ní ìlúwẹ̀ẹ́? Ọmọ tí a lé jìnnà sómi kò bọ́ lọ́wọ́ omi. Ọjọ́ tí omi máa bá a lójijì ni a kàn sún síwájú. Àwọn èèyàn ń wọ ọkọ̀ ojú omi láti Badore lọ sí apá Ìkòròdú. Ní oṣù keje ọdún 2017, àgbàrá bo Lekki mọ́lẹ̀, omi wọ pálọ̀ bá èèyàn. Lọ́jọ́ Àjíǹde, ọmọ ọdún méjìdínlógún tí kò wọ omi rí láyé rẹ̀ á bá àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ dé etí òkun, ìtìjú kò ní jẹ́ kó sọ pé òun kò mọ̀ ọ́n wẹ̀. Omi kò béèrè géètì kó tó wá bá wa. Àwa nìkan ni wọ́n ní ká máa béèrè.

Ní ilẹ̀ Bangladesh, tí omi yí wọn ká bíi tiwa, wọ́n fi ọparun ká apá kan nínú adágún omi abúlé, wọ́n fi ọparun tẹ́ ìsàlẹ̀ rẹ̀ kó má bàa jìn, olùkọ́ sì ń kọ́ àwọn ọmọdé ní ìlúwẹ̀ẹ́ nínú rẹ̀. Kò sí odò alámọ̀rí, kò sí táìsì aláwọ̀ búlúù. Ọparun, okùn, àti àgbàlagbà tó mọṣẹ́. Kí ló ní kí ọ̀sà Badore má gba irú rẹ̀? Àwọn Ìlàjẹ àti Ẹ̀gùn tó mọ omi bí ẹja wà láàrin wa. Iṣẹ́ olùkọ́ tó tọ́ sí wọn rèé, kàkà kí á máa lé wọn kiri.

OMI NÁÀ Ń WÁ Ọ̀NÀ

Ohun kan tún wà tí àwọn olódi kò rò. Ògiri tó dí ọ̀nà mọ́ èèyàn, òun náà ló ń dí ọ̀nà mọ́ omi. Àbàtà tí wọ́n pọ yanrìn sí ni òjò ń sinmi sí tẹ́lẹ̀ kó tó rọra wọ́ lọ sínú ọ̀sà. Nígbà tí kò ríbi lọ mọ́, ó yà wọlé onílé. Ìjọba Èkó fúnra rẹ̀ rí i bẹ́ẹ̀, ni wọ́n ṣe wó àwọn ilé àti ògiri kan tí wọ́n kọ́ sójú ọ̀nà odò Ikota ní ọdún 2024, wọ́n ní òfin sọ pé kí wọ́n fi àyè sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ odò.

Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ǹjẹ́ bí ìjọba bá lè wó ògiri kí omi lè rí ọ̀nà dé ọ̀sà, kí ló dé tí kò lè ṣí ògiri kí èèyàn lè rí ọ̀nà dé odò? Àyè tí òfin ní kí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ odò yẹn náà ni mo ń sọ. Kí wọ́n gbin igi sí i, kí wọ́n tẹ́ ọ̀nà ẹsẹ̀ lé e, kí ẹlẹ́sẹ̀ máa gbà á. Ibi tí èèyàn bá ń rìn lójoojúmọ́, kò sí agbẹ̀du ilẹ̀ tó máa jí i kọ́lé lóru.

ÀWỌN TÓ FI ẸSẸ̀ GBA Ọ̀NÀ WỌN

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín pé irú nǹkan báyìí kì í ṣeé ṣe. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òkè kan wà ní Derbyshire tí wọ́n ń pè ní Kinder Scout. Ọ̀tọ̀kùlú ló ti í pa, kí wọ́n lè máa rí ẹyẹ yìnbọn fún níbẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ ẹ̀rọ ní Manchester àti Sheffield, tí èéfín ń pa látàárọ̀ dalẹ́, kò rí ibi mí èémí. Ní ọjọ́ 24 oṣù kẹrin ọdún 1932, nǹkan bí 400 nínú wọn kó ara wọn jọ, wọ́n fi ẹsẹ̀ gun òkè náà ní ojúmọmọ. Àwọn ẹ̀ṣọ́ bá wọn wọ̀yá ìjà. Ọlọ́pàá mú wọn, ilé ẹjọ́ sì rán márùn-ún lọ sẹ́wọ̀n. Ìbínú aráàlú ru. Ní ọdún 1949, wọ́n ṣe òfin tó dá ọgbà ìtura orílẹ̀-èdè sílẹ̀. Ní ọdún 1951, agbègbè òkè náà gan-an ni wọ́n kọ́kọ́ sọ di irú ọgbà bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 2000, òfin mìíràn fún ẹlẹ́sẹ̀ ní ẹ̀tọ́ láti rìn lórí irú ilẹ̀ gbalasa bẹ́ẹ̀.

N kò ní kí ẹnikẹ́ni já géètì o. Ẹ̀wọ̀n Nàìjíríà kì í ṣe ibi tí mo fẹ́ kí ọmọ ẹnikẹ́ni lọ. Ohun tí mo ń sọ ni pé àwọn wọ̀nyẹn kò wọ bọ́ọ̀sì lọ sí òkè ìlú mìíràn. Òkè tiwọn, tí wọ́n ń rí láti ojú fèrèsé, ni wọ́n sọ pé àwọn fẹ́.

Nítorí náà, ẹ̀yin ẹgbẹ́ arìnrìn-àjò Sátidé, ọwọ́ yín ni mo fi ọ̀rọ̀ yìí lé. Ẹ pọ̀, ẹ lókun, ẹ mọ bí wọ́n ṣe ń ko èèyàn jọ. Ẹ fi Sátidé kan lóṣù rin Ajah. Ẹ kọ́kọ́ lọ kí àwọn baálẹ̀ àti àwọn àgbà Langbasa, Badore àti Okun-Ajah, kí wọ́n fi ọ̀nà tí wọ́n mọ̀ hàn yín. Ẹ rìn ín, ẹ ya àwòrán ibi tí ògiri ti dí i, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ ní ṣíṣẹ̀-n-tẹ̀lé, kí ẹ sì gbé e lọ bá ìjọba ìbílẹ̀ Eti-Osa àti aṣòfin yín. Ìwé tí ẹsẹ̀ ọgbọ̀n èèyàn kọ, kò rọrùn láti jù sí kọ̀rọ̀.

Bí ẹ bá sì dé omi, ìbáà ṣe nílé tàbí ní Erin-Ìjẹ̀ṣà, ẹ má fi ẹ̀mí ọmọ ọlọ́mọ ṣeré. Ẹ bi kálukú kí ẹ tó gbéra bóyá ó mọ̀ ọ́n wẹ̀, kí ẹ sì jẹ́ kó yé e pé kò sí ìtìjú níbẹ̀. Ẹ ka orí kí wọ́n tó wọ omi, ẹ tún un kà nígbà tí wọ́n bá jáde. Ẹ so wọ́n ní méjì-méjì, kí ẹnìkan máa ṣọ́ ẹnìkejì. Ẹni tó mu ọtí kò gbọ́dọ̀ wọ omi. Bí òjò bá rọ̀ lórí òkè, ẹ kúrò lábẹ́ omi tó ń já bọ́, nítorí àgbàrá kì í ránṣẹ́ kó tó dé. Ẹ mú okùn àti jẹ́ríkáànù òfìfo tí ẹ dé ní ìdérí dáadáa dání. Bí omi bá fẹ́ gbé ẹnìkan, ohun tó léfòó ni kí ẹ jù sí i, ẹ má bẹ́ sínú omi tẹ̀lé e kí òkú má bàa di méjì. Ẹni tí omi bá sì ń fà sínú òkun, kó má bá a jà tààrà. Kó wẹ̀ gba ẹ̀gbẹ́ títí tí omi náà fi máa tú u sílẹ̀. Ẹgbẹ́ tí kò lè ṣe èyí, kó jókòó sílé.

Ẹ̀yin alága ẹ́síteètì, ẹ fi ọ̀nà kan sílẹ̀. Ọ̀nà kan ṣoṣo ni mo tọrọ, kì í ṣe pálọ̀ yín. Ẹ̀yin aṣòfin Èkó, ẹ ṣe òfin pé kò sí ẹ́síteètì tó máa kan omi tí kò ní ní ọ̀nà aráàlú, kí ẹ sì jẹ́ kí àwọn tó ń ṣe títì etí òkun fi ibi ìsọdá sílẹ̀ fún ẹlẹ́sẹ̀ kí kọnkéré tó gbẹ tán. Ẹ̀yin ọ̀gá ilé ìwé, ẹ kọ́ àwọn ọmọ ní ìlúwẹ̀ẹ́ bí ẹ ṣe ń kọ́ wọn ní ìṣirò. Ẹ̀yin òbí, ẹ má dákẹ́, nítorí ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́.

A kò tọrọ owó, a kò tọrọ ilé. Ọlọ́run ló da omi sí ọ̀tún wa, tó tún da omi sí òsì wa, kò sì bu owó lé e. Ẹni tó dúró sáàrin wa àti omi ló yẹ kó wá sọ ẹni tó fi òun síbẹ̀.